"NEPA Ti Mú Un Lọ": Ta Ló Sọ Bẹ́ẹ̀?

Bí o bá gba Òkè-Ìlèwó l'Ábẹ́òkúta kọjá lọ́sàn-án tí kò síná, ariwo jẹnẹrétọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ́ létí. Báńkì ń tan tiẹ̀, ilé ìtajà ń tan tiẹ̀, ẹni tó ń tún fóònù ṣe náà gbé kékeré tiẹ̀ síta. Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni mo rí ọmọ iṣẹ́ kan lórí àkàbà níwájú ṣọ́ọ̀bù, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ó ń fi eyín bó wáyà. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti pa iná ibẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣèyọnu, sà. NEPA ti mú un lọ."

NEPA, iléeṣẹ́ iná ìjọba, ti kógbá wọlé láti ọdún 2005, ẹnu wa ni kò tíì kúrò. Ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn tó ń bà mí lẹ́rù tó ìyẹn nínú iṣẹ́ iná. Ẹni tó mú iná lọ kò bá ọ ṣàdéhùn ìgbà tó máa dá a padà. Aládùúgbò tó sì kàn ki wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, láìní ṣéńjì-ófà tó ń ya iná méjèèjì sọ́tọ̀, iná tiẹ̀ lè gba orí òpó wá bá ọ níbi tó o rò pé gbogbo rẹ̀ ti kú. Bó bá dé tiransifọ́mà, ó lè di 11,000 fóòtì lórí òpó tí ọmọ ẹlòmíì gùn.

Wọ́n á ní fíúsì wà. Wáyà ni fíúsì ń ṣọ́, kì í ṣe ìwọ. Gílóòbù 60 wáàtì kan ṣoṣo ń fa bíi 250 mílíáńpù. Ọgbọ̀n péré, bó bá gba àyà kọjá, lè da ọkàn rú, fíúsì 13 áńpù ò sì ní mira.

Nítorí náà, yọ fíúsì, fi sápò ara rẹ, kí ẹni tó fẹ́ cháájì fóònù má baà dá a padà. Fi tẹ́sítà kan ibi tó o mọ̀ pé iná wà, kó o lè mọ̀ pé tẹ́sítà ò tíì kú. Fi kan wáyà tó o fẹ́ dì mú. Tún padà fi kan ibi àkọ́kọ́.

Ọ̀gá lè kígbe pé o ń fi àkókò ṣòfò. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: "Ẹ má bínú, ọ̀gá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀." Èwo ni àfojúdi níbẹ̀?

Bí iná bá gbé ẹnìkejì rẹ, má dì í mú. Pa iná, bí kò bá ṣeé pa, igi gbígbẹ ni kó o fi tì í kúrò. Bí kò bá mí mọ́, máa tẹ̀ ẹ́ láàárín àyà, 100 sí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíì máa wá ọkọ̀ tó ń lọ sí ilé ìwòsàn FMC Ìdí-Àbà.

Ẹ̀yin òbí tó fẹ́ fi ọmọ kọ́ṣẹ́ iná náà, kì í ṣe owó ìkọ́ṣẹ́ àti ọjọ́ fìrídọ̀mù nìkan là ń bèèrè. Ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹ wo àkàbà wọn, ṣé igi ni àbí irin. Ẹ bi ọ̀gá bóyá ó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò iná. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ló gba ọmọ yín, òfin ọdún 2010 tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń san owó rẹ̀ fún NSITF, àjọ tó ń bójú tó o.

Mo ní kí ọmọ orí àkàbà yẹn lọ yọ fíúsì. Ó kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yọ ọ́. Kò pẹ́ tí àdúgbò fi pariwo, "Up NEPA!" Ó ti padà sókè nígbà náà, wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra fọwọ́ kan àpò ṣòkòtò rẹ̀.