Ẹ Jẹ́ Kí Ọjọ́ Yín Ní Alájọ Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan tọ̀tún tòsì wa: báwo ni ènìyàn ṣe lè to ọjọ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ lè ṣe é ṣe, kí ọkàn sì balẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú?

Ní Akobo níhìn-ín, kí oòrùn tó yọ ni ọ̀nà ti ń kún. Ẹni tí ó fẹ́ dé Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀ kò fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká òun mọ́ Jẹ́nẹ́rà Gáàsì. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lójúde ń du kí oníbàárà àárọ̀ má baà kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Olùkọ́ ń du kí agogo ilé-ẹ̀kọ́ má baà lù kí òun tó dé. Gbogbo wa ni a ń sáré. Ṣùgbọ́n bí alẹ́ bá lẹ́, tí a bá bi ara wa pé kí ni a rí ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní lè ka nǹkan méjì tí ó parí. Àárẹ̀ ń bẹ lára, iṣẹ́ sì ń bẹ nílẹ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni ó fà á. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìyá kan tí mo mọ̀, tí ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti èlùbọ́ ní Ojúrin. Aago márùn-ún ìdájí ni í jí, kì í sì í fi ọwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n a máa ta àwìn, inú orí rẹ̀ ni ó sì ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tí owó ìdánwò àṣejáde ọmọ rẹ̀ délẹ̀, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ni ó gbójú lé. Ẹni kìíní ní òun ti san. Ẹni kejì ní kóńgò méjì ni òun gbà, kì í ṣe mẹ́rin. Ẹni kẹta ní òun kò tilẹ̀ rántí. Ìyá kò ní ìwé kankan tí ó lè fi hàn wọ́n. Bí owó náà ṣe há nìyẹn, tí ó fi di dandan kí ó lọ yá owó èlé, kí ọmọ má baà jókòó sílé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò.

Mo bi í pé, "Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ kì í kọ àwìn sílẹ̀?" Ó ní, "Tíṣà, àyè wo ló wà? Bí mo bá délé, oorun ló kù."

Ẹ wá gbọ́ ohun ìyanu. Ìyá kan náà yìí kì í pa ọjọ́ jẹ lórí àjọ rẹ̀. Ẹni tí kò rí àyè kọ ìlà kan sínú ìwé ń rí àyè dá àjọ lójoojúmọ́. Kí ló fà á? Kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ le sí ọ̀kan ju èkejì lọ. Alájọ ni ó fà á.

Gbogbo oníṣòwò ló mọ bí àjọ ti rí. Ẹ ó mú iye kan tí agbára yín ká. Alájọ á wá bá yín ní ìdí ọjà, á gba owó, á sì sàmì sí káàdì yín. Bí oṣù bá pé, á kó owó yín fún yín, á sì yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá ń dá ₦500 lójúmọ́, nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31, ẹ ó dá ₦15,500. Alájọ á mú ₦500, ẹ ó sì gba ₦15,000 sọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ bí a bá ní kí ẹ mú ₦15,000 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi pamọ́, ẹ ó ní kò sí.

Ẹ kò ní ṣàì ti gbọ́ nípa Alphaeus Táíwò Olúnáíkè, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú ní Èkó. Títí di òní, bí orí ẹnì kan bá pé, a ó ní orí rẹ̀ pé bí ti Alájọ Ṣómólú, tí ó gba àjọ láìkọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó san. Wọ́n tún máa ń sọ pé ó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ni ó lè gba ọ̀nà tóóró dé ẹnu ìsọ̀ oníbàárà. Ó wo iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ó sì yan ohun tí yóò máa gbé e dé ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ti orí tí kì í gbàgbé, ìyẹn kì í ṣe ti gbogbo wa. Èmi àti ẹ̀yin, ẹ jẹ́ kí a máa kọ nǹkan sílẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a lè rí kọ́ lára alájọ. Èkínní, ohun kékeré ni ó ń gbà, tí kò lè dá ọjọ́ yín rú. Èkejì, òun ni ó ń wá bá yín, ẹ kò ní láti máa rán ara yín létí. Ẹ̀kẹta, ó ń sàmì sílẹ̀, tí ẹ fi ń fi ojú ara yín rí ohun tí ẹ ti ṣe. Iṣẹ́ òòjọ́ tí ó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í pẹ́ mọ́ra.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe gbé ìwé àwìn dé ilé. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú bírò, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn lè rí ìwé kí ó tó rí kọ́kọ́rọ́. Orúkọ, ọjà, iye owó, ọjọ́: ó tán. Ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, wákàtí 5 ni. Ta ni nínú yín tí ó lè jókòó fún wákàtí 5 ní òpin oṣù láti máa ṣe ìṣirò? Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọmọ tí ó tìtorí rẹ̀ yá owó èlé ni ó ń bá a kọ ọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ 40 bá wà ní kíláàsì, tí a fi ìwé gbogbo wọn dúró de ọjọ́ Ẹtì, a ó kàn máa fi bírò pupa fa ìlà kọjá ni. Ọmọ tí ó ṣi ìṣirò ṣe kò ní mọ ibi tí òun ti ṣì í. Ṣùgbọ́n ìwé 10 lójúmọ́, láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ogójì pé. Bí àwọn ọmọ bá ti jáde, kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó dìde lórí àga.

Ẹ ó rí i pé n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi aago kan pàtó ṣe òpó. Ọ̀nà lè dí, iná sì lè lọ. Àwọn baba wa kò ní aago, síbẹ̀ ọjọ́ wọn ní ètò: ìdájí, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́. Ọjà ọlọ́rọ̀ọ̀rún ń padà bọ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, bí a bá ka ọjọ́ tí a ná an mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tí ń gbàgbé. Oòrùn pàápàá ń ràn wá lọ́wọ́. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ tí ó gùn jù lọ nínú ọdún kò fi wákàtí kan gùn ju èyí tí ó kúrú jù lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ a máa ju wákàtí 16 lọ nínú oṣù kẹfà, kì í sì í pé 8 nínú ọ̀pọ̀ ọjọ́ oṣù kejìlá. Nítorí náà, ẹ so iṣẹ́ yín mọ́ ohun tí ń dé fúnra rẹ̀: ìgbà tí ẹ bá jí, ìgbà àdúrà, ìgbà tí ọmọ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ pa ọjà dé.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe rà láwìn: oorun. Àwọn oníṣègùn sọ pé ó yẹ kí àgbàlagbà sùn tó wákàtí 7 ó kéré tán, kí ọmọ ọdún 6 sí 12 sì sùn tó wákàtí 9 sí 12. Ọmọ tí ó bá wa jókòó ti ọjà títí di aago mẹ́wàá alẹ́, tí a jí ní aago márùn-ún, wákàtí 7 péré ni ó sùn. Àwa olùkọ́ ni a ń rí àbájáde rẹ̀: ìyálẹ̀ta kò tíì kọjá tí ọmọ ti gbé orí lé tábìlì. Olùkọ́, má ṣe nà án. Bi í pé ìgbà wo ni ó sùn. Òbí, bí aago márùn-ún ni ọmọ yóò jí, kí ó ti wà lórí ibùsùn ní aago mẹ́jọ.

Bí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ ńkọ́? A kì í tìtorí àlàfo kan ya káàdì àjọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ padà lọ́la. Ẹ má sì mú iṣẹ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ọ̀kan péré lọ́sẹ̀ yìí, ẹ yan ibi tí yóò ti máa wá bá yín, kí ẹ sì máa sàmì sí kàlẹ́ńdà tí ó wà lára ògiri. Bí ọ̀kan bá ti parí lójúmọ́, ẹ ó lè bá ará ilé ṣeré tàbí ta ọpọ́n ayò kan láìjẹ́ pé ọkàn ń dá yín lẹ́bi.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.