Ojú Ni Ó Ń Fa Ọ̀fun

Bí agogo ìsinmi bá dún ní ilé-ẹ̀kọ́, tí òórùn àkàrà gbígbóná sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa nìkan ni itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó jẹun yó kí ó tó kúrò nílé pàápàá yóò máa na ọrùn wo inú agbada. Àwọn àgbà a máa pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní wọ̀bìà. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tí ó ń ra àkàrà ní ibì kan náà, ní àkókò kan náà, lójoojúmọ́, ó ti kọ́ ojú rẹ̀ ní iṣẹ́. Ojú náà yóò sì máa wá ìyá alákàrà kiri kí ọkàn tó rò ó rárá.

Ará Rọ́ṣíà kan, Ivan Pavlov, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904, fi ajá wádìí irú ọ̀ràn yìí. A jẹ́ kí ajá gbọ́ ìró kan, lẹ́yìn náà a fún un ní oúnjẹ. Nígbà tí ó ti ṣe é léraléra, ìró náà nìkan tó láti mú itọ́ dà lẹ́nu ajá, bí oúnjẹ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Èmi kò pe ẹnikẹ́ni ní ajá o. Ṣùgbọ́n kí ni agogo ìsinmi ń ṣe sí wa?

Àwọn kan rò pé akin ni ẹni tí ó lè tẹjú mọ́ oúnjẹ dídùn láìfọwọ́ kàn án. Wọ́n ṣì í. Ní ọdún 1970, Walter Mischel àti Ebbe Ebbesen ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, sọ ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọmọdé tí wọ́n ní kí wọ́n ní sùúrù kí wọ́n lè gba èyí tí ó wù wọ́n jù nínú ìpápánu méjì. Àwọn tí oúnjẹ wà níwájú wọn kò lè dúró pẹ́. Àwọn tí a gbé e pamọ́ fún dúró jù wọ́n lọ fíìfíì. Àwọn mìíràn fi ọwọ́ bo ojú, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń gbìyànjú láti sùn. Ta ni yóò pe ìyẹn ní ojo?

Ẹni tí ó kúrò nílé láìjẹun, ọ̀rọ̀ mi kò bá a wí. Kí ó lọ ra àkàrà rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ti yó, tí owó ìwé sì wà lápò rẹ, gba ẹ̀yìn ilé-ìkàwé kọjá. Fún ọjọ́ mélòó kan, imú rẹ yóò ṣì máa fà ọ́ padà sí ẹnu ọ̀nà.