Ebi àti àárẹ̀ ló ń ba ẹran jẹ́, kì í ṣe àìsí oògùn

Ẹ̀yin àgbà máa ń sọ pé ẹran òde òní kò dùn tó ti àtijọ́, alápatà lẹ sì máa ń dá lẹ́bi. Ní tèmi o, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí ẹran tó dé orí tábìlì alápatà.

Ṣúgà kan wà tí ẹran ọ̀sìn máa ń kó pamọ́ sínú iṣan láti ara oúnjẹ tó ń jẹ. Bí a bá ti dúńbú ẹran, ṣúgà yìí yóò kan díẹ̀díẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ẹran dúdú, tí kì í sì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n màlúù tí wọ́n fẹsẹ̀ dà wá láti ọ̀nà jíjìn, tàbí tí wọ́n há mọ́nú ọkọ̀ láti Òkè Ọya láìjẹ láìmu, ti ná ṣúgà náà tán lójú ọ̀nà. Ẹran rẹ̀ yóò dúdú, ojú rẹ̀ yóò gbẹ, yóò sì tètè rà. Ìsinmi alẹ́ kan kì í sábà tó o. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú oúnjẹ gidi. Àgbò tí àwọn ọmọ fi ń jà kiri àdúgbò títí di òwúrọ̀ Iléyá ńkọ́? Ọ̀kan náà ni!

Ohun tó ká mi lára ni pé oúnjẹ agbára kò jìnnà sí wa. Ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara, àti láwọn abúlé tó yí i ká, ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe gàrí, òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ kò ní ṣàì wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ILRI ní Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo náà, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì sá a gbẹ, oúnjẹ ẹran gidi ni. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù 1. Ẹ má fún ẹran ní tútù lọ́pọ̀, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ewé ẹ̀pà àti iyọ̀ díẹ̀ kún un, torí èèpo nìkan kì í mú ẹran lẹ́ran lára.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ kí ẹran lè tètè sanra. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de ìyẹn láti ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2006, nítorí ó ń jẹ́ kí kòkòrò àrùn borí oògùn. Bí ẹran bá ṣàìsàn, ẹ pe dókítà ẹran, kí ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn pé kí ẹ tó pa á.

Ẹ̀yin káńsù, ẹ kọ́ ọgbà tó ní ìbòòji, omi àti oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Owó orí tí ẹ ń gbà lórí màlúù kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ yìí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣe.