Ẹ Má Ṣe Dí Ẹnu Ẹ̀rọ Omi Gbígbóná

Àwọn baba wa tí wọ́n sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọmọ wọn yóò fi owó ara wọn ra iná, tí wọn yóò há a mọ́ inú agolo onírin, tí wọn yóò kàn án mọ́ ògiri balùwẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé e pamọ́ sókè àjà, tí wọn yóò sì máa sun oorun àsùnwọra lábẹ́ rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Wọ́tà hítà ni mò ń wí. N kò bá omi gbígbóná jà, nítorí ẹni tí ọyẹ́ ti mú rí ní ìdájí, àti ẹni tí ó ti wẹ ọmọ tuntun rí, mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi ìwẹ̀ wà lórí ààrò, ẹnìkan a máa jókòó tì í, a máa koná, a máa yọ igi. Láti ìgbà tí a ti gbé e kọ́ ògiri, a kò bojú wò ó mọ́ títí di ọjọ́ tí yóò kọ̀ láti gbóná.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbára mẹ́ta tí ó pàdé nínú agolo náà kì í ṣe ẹgbẹ́ eré: irin, tí í ṣe ti Ògún Onírè, mànàmáná, tí í ṣe ti Olúkòso, ọkọ Ọya, àti omi, tí àwọn àgbà ní kò ní ọ̀tá. Ní Ìkògòsì Èkìtì, níbi tí ìsun gbígbóná àti ìsun tútù ti ń pàdé ara wọn, Elédùmarè ni ó ń bójú tó o, kò sì sí ẹni tí ó ń pe plọ́ńbà. Ti ilé wa yìí, àwa ni a fi ọwọ́ ara wa dá a sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a fi ara balẹ̀ gbọ́ ni ti fáàfù kékeré kan tí ó máa ń wà lẹ́nu páìpù tí omi tútù ń gbà wọ inú ẹ̀rọ náà. Gbogbo omi tí a bá kiná bọ̀ ni í wú: omi lítà 50 tí ó wọlé ní tútù, bí ó bá fi gbóná tó ìwọ̀n 65 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, yóò ti fi ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan lé sí i, agolo irin kò sì lè fẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní ilé tí omi ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú tánkì òkè láìsí ìdènà, àlékún yìí lè padà gba ọ̀nà tí ó gbà wá. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ti rí, kò sí ibòmíràn tí yóò gbà jáde bí kò ṣe ihò tóóró tí ó wà lábẹ́ fáàfù náà. Ìyàwó ilé tí ó gbọ́n kì í fi okùn di ìdérí mọ́ ìkòkò tí ó ń hó. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí omi ń kán tó-tó-tó nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, tí ó sì dáwọ́ dúró nígbà tí omi bá ti gbóná tán, kì í ṣe àìsàn rárá. Bí ó bá ń kán tọ̀sán-tòru, tí kò yan ìgbà gbígbóná tàbí tútù, nígbà náà ni kí a pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́, nítorí ó lè jẹ́ pé fáàfù ti gbó, tàbí pé ẹ̀rọ tí ń fa omi sílé ń fi agbára tí ó pọ̀ jù tì í wọlé.

Kí ni àwa ń ṣe dípò èyí? Onílé rí i pé ọ̀dà ògiri òun ń bó, ó ránṣẹ́ pe plọ́ńbà. Plọ́ńbà dé, ó wo ihò náà, ó wá nǹkan dí i pa, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo ará ilé sì ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ dára. Ní tèmi o, pàkúté ni irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dẹ sílé onílé. Ọjọ́ tí tẹmosítáàtì, tí ó yẹ kí ó pa iná nígbà tí omi bá gbóná tó, bá kọṣẹ́, omi inú agolo tí a ti dí lẹ́nu yóò gbóná kọjá 100 láìhó, nítorí kò ráyè hó. Bí agolo bá sì ya lójijì, èyí tí ó bá di èéfín nínú omi náà kì í ṣe kékeré, nítorí lítà kan péré tí ó bá di èéfín a máa gba àyè tí ó ju lítà 1,600 lọ. Irú ìbúgbàù bẹ́ẹ̀ ti ju ẹ̀rọ la òrùlé kọjá rí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Owó fáàfù tuntun kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹ̀mí.

Ní ti mànàmáná, ìṣòro tiwa ní ọ̀nà tirẹ̀. Iná a lọ, a ó gbàgbé swíìṣì ní títàn, a ó gba ibi iṣẹ́ lọ; iná yóò dé ní ọ̀sán tí kò sí ẹnìkan nílé, nígbà mìíràn pẹ̀lú agbára tí ó ju bí ó ti yẹ lọ, bí ẹ̀rọ kò bá sì ní omi nínú, wáyà tí ó ń sè é yóò jó. Èyí tí ó tún burú jù ni ilé tí kò ní ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tí ń gbé iná tí ó ṣìnà wọ inú ilẹ̀ lọ. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí iná bá jò sínú omi, ara ẹni tí ó dúró láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ balùwẹ̀ tútù ni yóò fi ṣe ọ̀nà. Ó dára kí á pa swíìṣì kí á tó wẹ̀, ṣùgbọ́n pípa swíìṣì kò lè rọ́pò ẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín.

Ìtọ́jú ìyókù kò le. Omi kànga àti ti bọ́hòólù ní àdúgbò púpọ̀ ní èròjà tí ń sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, tí ń dì mọ́ wáyà, títí a ó fi máa gbọ́ kùn-kùn nínú rẹ̀ tí owó iná yóò sì máa ga. Kí a pa iná lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí omi tutù, kí a sì tú u dànù. Ọ̀pá mànìsíọ̀mù kan wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, tí a fi síbẹ̀ kí ìpẹtà lè máa jẹ ẹ́ dípò agolo: ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yọ ọ́ wò ní ọdún méjì-méjì. Ìwọ̀n 60 ni ó yẹ kí omi inú ẹ̀rọ dé kí kòkòrò àìfojúrí má baà rí ibùgbé níbẹ̀, ṣùgbọ́n irú omi bẹ́ẹ̀ a máa bó ọmọdé lára ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nítorí náà omi tútù ni kí ó kọ́kọ́ wọ garawa.

Ta ni yóò wá sanwó rẹ̀? Onílé ní ayálégbé ni ó ń lò ó. Ayálégbé ní ilé kì í ṣe tòun. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù: onílé ni kí ó ṣe ẹ́ẹ̀tì, kí ó sì fi fáàfù tí ó dára síbẹ̀ kí ó tó gbé kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Kí ayálégbé pẹ̀lú má ṣe dákẹ́ bí ó bá rí ihò tí a ti dí, nítorí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ògiri tí ń rin ni ó ń dun onílé, kí ó ra rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó kì í bọ ẹnu fáàfù náà, kí ó darí rẹ̀ sínú gọ́tà balùwẹ̀, kí ó sì fi ẹnu rọ́bà sílẹ̀ ní yíyà.