Ẹjọ́ Bavuma Ti Parí Kí Ife Ẹ̀yẹ Tó Dé

Fún bí ọdún mẹ́wàá ni àwọn olólùfẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì ní Gúúsù Áfíríkà fi ń fa ọ̀rọ̀ Temba Bavuma mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e wọ ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn kan ní àwọ̀ ara rẹ̀ ni. Nígbà tó di 14 Oṣù Kẹfà 2025, ikọ̀ tó ń ṣe balógun fún na Ọsirélíà ní pápá Lord's ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti tẹ́sítì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń fi í ṣẹ̀sín ti ń kan sáárá sí i.

Ìwé ìròyìn yìí bá wọn yọ̀, àmọ́ a ò fara mọ́ ìdí tí wọ́n fi yí ohùn padà. Bó bá jẹ́ pé ife ni ẹ̀rí, a jẹ́ pé bí Gúúsù Áfíríkà bá fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà, àwọn tó ní àwọ̀ ló gbé e débẹ̀ ni à bá dá láre. Irọ́ gbáà nìyẹn. Àre ti jẹ́ ti Bavuma tipẹ́ kó tó tẹ Lord's, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Kì í ṣe ìgbà ayé Bavuma ni àwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ọ̀ràn yíyan ikọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń yàn án látilẹ̀. Basil D'Oliveira, ọmọ Cape Town tí òfin ibẹ̀ kò kà mọ́ aláwọ̀ funfun, kò lè gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí, ló bá gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nínú Oṣù Kẹjọ 1968, ó kó rọ́ọ̀nù 158 jọ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pápá The Oval nígbà tí wọ́n ń kojú Ọsirélíà. Síbẹ̀, àwọn tó ń yan ikọ̀ kò fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn tí yóò lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí ẹlòmíràn fara pa tí wọ́n wá fi D'Oliveira rọ́pò rẹ̀, John Vorster, olórí ìjọba ibẹ̀, kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní gba irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ lálejò. Bí wọ́n ṣe fagi lé ìrìn àjò náà nìyẹn. Láti 1970 títí di 1991, ayé ti ilẹ̀kùn kíríkẹ́ẹ̀tì mọ́ Gúúsù Áfíríkà. Ọdún 1998 ni Makhaya Ntini tó di aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbá tẹ́sítì fún ilẹ̀ náà.

Nítorí ìtàn yìí ni àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ fi gbé ìlànà kalẹ̀ ní 2016 pé kí eléré 6 tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun máa wà nínú ikọ̀, kí ó kéré tán 2 nínú wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà. Ìṣirò gbogbo sáà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ti eré kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ ìlànà yìí di pàṣán tí wọ́n fi ń na Bavuma kì í mẹ́nu ba èyí. Wọn kì í sì í rántí pé Oṣù Kejìlá 2014 ni Bavuma, ọmọ àdúgbò Langa ní Cape Town, ti gbá tẹ́sítì àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ìlànà náà tó jáde rárá.

Ẹ̀sùn tó lágbára jù tí wọ́n fi kàn án yẹ ní gbígbọ́. Nínú tẹ́sítì, eré ọlọ́jọ́ márùn-ún tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń di igi mú lẹ́ẹ̀mejì, ọgọ́rùn-ún rọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń mọ onígi gidi. Bavuma kó 102 láìjáde nígbà tí wọ́n kojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Cape Town nínú Oṣù Kìíní 2016. Kò tún tẹ ọgọ́rùn-ún mìíràn títí di Oṣù Kẹta 2023, nígbà tó kó 172 lójú West Indies ní Johannesburg. Ọdún méje gbáko ló wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá béèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi yọ ọ́ kúrò láàárín ìgbà náà kò ṣe ohun tó burú.

Ohun tó ṣe láàárín ọdún méje yẹn ni ìdáhùn. Ní Hobart, nínú Oṣù Kọkànlá 2016, Gúúsù Áfíríkà lé gbogbo onígi Ọsirélíà kúrò ní rọ́ọ̀nù 85 péré, àmọ́ ojú pápá náà le fún àwọn náà. Onígi wọn 5 ti jáde kí Bavuma àti Quinton de Kock tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bavuma kó 74, wọ́n sì borí. Ní Johannesburg ní 2018, Ọsirélíà náà ni wọ́n ń kojú, ó ti kó 95, kò sì sí ẹni tó lé e kúrò; àwọn tó kù láti dúró tì í ló tán. Rọ́ọ̀nù 5 péré ni wọn ò jẹ́ kó kó. Ìgbà tí Íńdíà wá bá wọn ní ìparí 2021 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2022, rọ́ọ̀nù 221 ló kó nínú tẹ́sítì 3. Íńdíà borí nínú àkọ́kọ́, Gúúsù Áfíríkà borí nínú méjì tó kù, Bavuma ló sì wà lójú pápá pẹ̀lú igi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ẹni tó bá ń ka ọgọ́rùn-ún nìkan kò ní rí ìkankan nínú èyí. Àmọ́ ẹni tí ó máa ń wọlé nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́, tí ó sì ń dúró títí tí yóò fi tún un ṣe, òun ni ikọ̀ tó ń wó nílò. Àwọn tó ń yàn án mọ èyí. Nígbà tí Shukri Conrad gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2023, ó gba ipò balógun lọ́wọ́ Dean Elgar, ó sì fi lé Bavuma lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ fìbínú sọ̀rọ̀ nígbà náà. Láti ìgbà náà títí dé òpin àṣekágbá Lord's, tẹ́sítì 10 ni Bavuma ṣe balógun fún: wọ́n borí nínú 9, ọ̀kan pin sí ọ̀mì, wọn kò pàdánù ìkankan.

Ohun tó ba ìdájọ́ àwọn olólùfẹ́ eré jẹ́ jù ni pé àbájáde ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ìpinnu. Nínú Oṣù Kọkànlá 2023, níbi ìdíje ife àgbáyé ti ọlọ́jọ́ kan, Bavuma gbá eré tó ṣáájú àṣekágbá ní pápá Eden Gardens ní Kolkata láìjẹ́ pé ara rẹ̀ yá tán; òun fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọsirélíà lé e kúrò láìkó rọ́ọ̀nù kan, wọ́n sì na ikọ̀ rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ eré bú u pé onímọtara-ẹni-nìkan ni.

Ní Lord's ẹ̀wẹ̀, rọ́ọ̀nù 282 ni Gúúsù Áfíríkà ń lé. Rọ́ọ̀nù 2 péré ló wà lọ́wọ́ Bavuma nígbà tí bọ́ọ̀lù já bọ́ lọ́wọ́ Steve Smith ti Ọsirélíà, ẹni tí ì bá mú un jáde, tí ìka ọwọ́ Smith sì yẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣan ẹ̀yìn itan Bavuma fà. Nígbà ìsinmi tíì, ọ̀rọ̀ wáyé lórí bóyá kó dúró sí yàrá kí ẹlòmíràn wọlé. Ó ní òun ò ní jókòó. Ó padà jáde, ó ń tiro sá láti ìdí igi kan sí èkejì, òun àti Aiden Markram jọ kó 147. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta ṣú, 213 ni wọ́n wà, onígi 2 péré ló sì ti jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n lé Bavuma kúrò ní 66, Markram bá iṣẹ́ lọ títí dé 136, wọ́n sì fi onígi 5 tó kù lọ́wọ́ wọn borí.

Ìpinnu kan náà ni ti Kolkata àti ti Lord's: balógun tí ara ń ro fẹ́ wà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. A ò lè pe ọ̀kan ní ìmọtara-ẹni-nìkan ká pe èkejì ní akin, nítorí pé èyí já sí ayọ̀. Bí ọ̀kan bá tọ́, èkejì náà tọ́; bí ọ̀kan kò bá tọ́, èkejì náà kò tọ́.

Àṣekágbá yẹn kún fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Markram tó kó 136 yìí kan náà kò kó rọ́ọ̀nù kan nígbà àkọ́kọ́ tó di igi mú. Lungi Ngidi, tí wọ́n yàn ṣáájú Dane Paterson, ju bọ́ọ̀lù nígbà àkọ́kọ́, wọ́n kó rọ́ọ̀nù 45 lórí rẹ̀, kò lé ẹnikẹ́ni kúrò. Ariwo sọ pé Paterson ló yẹ kó wà níbẹ̀. Nígbà kejì, Ngidi lé Smith, Beau Webster àti Pat Cummins kúrò. Wiaan Mulder kó 6 péré nígbà àkọ́kọ́ láti ipò kẹta. Wọ́n ní ipò náà ju agbára rẹ̀ lọ. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, ó kó 367 láìjáde lójú Zimbabwe ní Bulawayo. A mọ̀ pé Zimbabwe kì í ṣe Ọsirélíà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọ̀sán kan dájọ́ ikú fún eléré, ọ̀sán mìíràn yóò dójú tì í.

A ní láti bá apá kejì náà wí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbèjà Bavuma débi pé kò sí ìbéèrè tí a lè bi nípa rẹ̀ tí wọn kò ní pè ní ìkórìíra àwọ̀. Kò dára bẹ́ẹ̀. Nínú eré kúkurú T20, rọ́ọ̀nù rẹ̀ kì í yára wọlé tó bí eré náà ṣe fẹ́, Netherlands sì lé ikọ̀ tó jẹ́ balógun fún kúrò nínú ife àgbáyé 2022. Àwọn tó ní kó fi ipò náà sílẹ̀ ní ẹ̀rí, ó sì fi í sílẹ̀ ní 2023. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni ti àwọn tó kó ẹ̀sùn T20 lọ sí kóòtù tẹ́sítì, bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì.

Àwọn tó ní ọ̀nà Gúúsù Áfíríkà dé Lord's rọrùn náà sọ òtítọ́ díẹ̀: wọn kò kojú Ọsirélíà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú sáà tó gbé wọn dé àṣekágbá náà. Àmọ́ eléré kọ́ ló ń ṣètò eré. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà nínú Oṣù Kọkànlá 2025 sì dá wọn lóhùn. Ní Eden Gardens kan náà tí wọ́n ti bú u, Bavuma kó 55 láìjáde, òun nìkan ló sì tẹ àádọ́ta nínú gbogbo eré náà. Ní Guwahati, rọ́ọ̀nù 408 ni wọ́n fi ju Íńdíà lọ. Láti 2000 títí di ìgbà náà, Gúúsù Áfíríkà kò borí nínú ọ̀wọ́ tẹ́sítì ní Íńdíà. Simon Harmer, ajùbọ́ọ̀lù ẹni ọdún 36, ẹni tó ti fi ikọ̀ náà sílẹ̀ nígbà kan rí lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Essex, lé onígi 17 kúrò nínú tẹ́sítì méjèèjì. Ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n wò kí wọ́n tó yàn án, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì Gúúsù Áfíríkà gan-an ló jẹ̀bi jù lójú wa. Nínú Oṣù Kejì 2024, wọ́n pa àwọn eléré gidi mọ́lé fún ìdíje SA20 tó ń mú owó wọlé, wọ́n wá rán ikọ̀ mìíràn lọ bá New Zealand, lábẹ́ Neil Brand tí kò tíì gbá tẹ́sítì kan rí. Wọ́n pàdánù méjèèjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí New Zealand borí wọn nínú ọ̀wọ́ tẹ́sítì. Kò sí ọ̀wọ́ kan tó ju tẹ́sítì 2 lọ nínú mẹ́fà tí wọ́n gbá ní sáà tí wọ́n gba ife. Lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán, wọn kò ṣètò tẹ́sítì kankan sílé fún sáà 2025 sí 2026. Láti ibo ni olólùfẹ́ eré yóò ti mọ bí ọwọ́ onígi ṣe rí, bí kò bá rí i ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí ọ̀wọ́ tó tán? Ìdájọ́ oníwàdùwàdù tí a ń bá àwọn ènìyàn wí lé lórí, àjọ náà ló ń fún un lóúnjẹ.

Ìdájọ́ wa nìyí. Bavuma yẹ sí ipò rẹ̀, ó sì ti yẹ sí i kó tó gba ife kankan. Ìlànà 2016 kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Òfin tó fi àwọ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀ ló lé D'Oliveira sá nílé. Kí àwọn tó ń yan ikọ̀ máa wo iṣẹ́ ọdún púpọ̀ àti ohun tí ikọ̀ nílò, kí wọ́n sì máa wí tẹnu wọn síta nígbà tí wọ́n bá yọ ẹnìkan. Kí olólùfẹ́ eré bi gbogbo ìbéèrè tó bá wù ú, kó ṣáà ti ṣí ìwé iṣẹ́ kó tó dájọ́. Kí àjọ náà fi ó kéré tán tẹ́sítì 3 sí ọ̀wọ́ tó bá bá àwọn ikọ̀ ńlá ṣe, kó má sì tún fi orúkọ orílẹ̀-èdè ránṣẹ́ láìfi eléré rẹ̀ tẹ̀ lé e mọ́. Ẹni tó bá gba ife àgbáyé tẹ́sítì yẹ kó rí tẹ́sítì gbá nílé ara rẹ̀.