Ojú Irin Inú Ilé: Ọ̀rọ̀ lórí Wáyà, Adápítà àti Owó Dátà

A bá àwọn tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ yọ̀, a sì bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn. Orúkọ wọn wà ní ojú ewé ìròyìn àwọn ẹbí, nítorí náà a kò ní tún un kà níhìn-ín.

Lẹ́tà mẹ́ta ni ó dé ọwọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ kan náà. A rí i pé ó yẹ kí á dá wọn lóhùn pọ̀, nítorí ohun tí ó ń jẹ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí lówó ń jẹ ọ̀pọ̀ nínú wa lówó.

Lẹ́tà kìíní wá láti ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Phase 2. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kẹ́kọ̀ọ́ ní National Open University. Pálọ̀ ni router wà, yàrá ọmọ sì wà ní ẹ̀yìn ilé lọ́hùn-ún. Bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ a máa já. Bàbá yìí ti ra dátà tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ìyàtọ̀.

Lẹ́tà kejì wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí wọ́n sin ìyá tirẹ̀ ní Ṣakí. Ẹsẹ̀ tí ó ń dùn ún kò jẹ́ kí ó lè rìnrìn àjò, nítorí náà orí fóònù ni ó ti ń wo ìsìnkú náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé òkú wọ ilẹ̀ gan-an ni àwòrán dúró, kò sì padà títí wọ́n fi kó ilẹ̀ bò ó. Ó ń bèèrè bóyá adápítà tí àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè mú kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ ogójì.

Lẹ́tà kẹta wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ra adápítà tí wọ́n kọ 2.5 sí lára. Ó ní kò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì gbà pé wọ́n lu òun ní jìbìtì.

Èsì wa ni èyí: ẹni kìíní, wáyà ni oògùn tirẹ̀. Ẹni kejì, adápítà kò lè ran án lọ́wọ́, ọ̀nà mìíràn wà. Ẹni kẹta, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má lù ú ní jìbìtì rárá. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á fi iṣẹ́ ojú irin ṣe àkàwé, nítorí òun ni iṣẹ́ tí a mọ̀. Lórí ojú irin ẹyọ kan, bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀, èkejì gbọ́dọ̀ dúró ní ibùdó títí ti iwájú yóò fi kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Wi-Fi rí. Router, fóònù, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n inú ilé, afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń pín lò. Bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dúró de àyè tiwọn. Bí Wi-Fi aládùúgbò bá wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú tiyín, ẹ̀yin àti òun ni ẹ ó jọ máa dúró de ara yín.

Ògiri tún wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Wi-Fi kò dúró de kí ògiri lanu kí ó tó kọjá, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù a máa gba lára agbára rẹ̀, bí ó bá sì kọjá méjì tàbí mẹ́ta, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò kù. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú ilé: èyí tí wọ́n ń kọ 2.4 GHz sí, àti 5 GHz. Ti 5 yá ju ti 2.4 lọ, ṣùgbọ́n òun ni ògiri tètè ń dá dúró.

Wáyà Ethernet dà bí ojú irin oníbejì, irú èyí tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Èyí tí ń lọ ń lọ, èyí tí ń bọ̀ ń bọ̀, kò sí ẹni tí ó ń dúró de ẹnì kan. Ògiri kò kàn án. Kì í ṣe ohun tuntun pẹ̀lú: ọdún 1973 ni Robert Metcalfe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Xerox ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀, a sì ń lò ó títí di òní.

Kí wá ni iṣẹ́ adápítà? Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ti òde òní ni kò ní ihò wáyà mọ́, nítorí wọ́n ṣe wọ́n ní pẹlẹbẹ. Ihò USB nìkan ni ó kù. Ní ojú irin náà, fífẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àtijọ́ láti Èkó dé Kánò, mìlímítà 1,067 ni ó wà láàrin irin méjèèjì. Ti Itakpe sí Warri tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín, 1,435 ni. Kẹ̀kẹ́ ọ̀kan kò lè gun èkejì, nítorí náà, bí ẹrù bá fẹ́ gba ojú irin kan bọ́ sí èkejì, ibùdó kan gbọ́dọ̀ wà tí a ti ń gbé e láti inú ọkọ̀ kan sínú òmíràn. Adápítà ni ibùdó yẹn. Apá kan rẹ̀ ń wọ ihò USB, wáyà ń wọ apá kejì. Ọ̀pọ̀ fóònù Android tí ó ní ihò USB-C lè lò ó pẹ̀lú.

Bàbá wa ti Phase 2, ẹ na wáyà láti ara router dé yàrá ọmọ yín, ẹ ra adápítà fún kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ sì fi owó dátà àfikún yẹn sápò. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò yìí, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà sí ẹ̀gbẹ́ router, kí ẹ fi ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò ìyára tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò ó. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún gbé e lọ sí yàrá ọmọ, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ti ẹ̀gbẹ́ router bá dára tí ti yàrá sì burú, inú ilé ni wàhálà wà, wáyà yóò wò ó sàn. Bí méjèèjì bá burú bákan náà, ìta ni wàhálà ti ń wá, ẹ má ṣe ra ohunkóhun. Ẹ rántí pé ìdánwò náà ń jẹ dátà, kí ẹ má ṣe sọ ọ́ di eré.

A dé orí ọ̀gbẹ́ni kẹta. Ibùdó márùn-ún ni ẹrù gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó dé ojú yín: ihò USB, adápítà, wáyà, router, àti ìlà tí ó ti ìta wọlé. Èyí tí ó lọ́ra jù nínú wọn ni ọ̀gá. Iye ẹrù tí ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń kọ Mbps sí. Ihò USB 2.0 kò lè kọjá 480, bí ó bá sì di ti iṣẹ́ gan-an, kì í tó bẹ́ẹ̀. Ti USB 3.0 tó 5,000. Adápítà wà tí ó jẹ́ 100, òmíràn 1,000, òmíràn 2,500, èyí sì ni wọ́n ń pè ní 2.5. Ọ̀pọ̀ router olówó pọ́ọ́kú, 100 ni ihò wáyà tiwọn. Ẹ ò rí i pé bí ẹ bá fi adápítà 2,500 sí router 100, 100 náà ni ẹ ó rí? Bí ìlà ìta bá sì jẹ́ 30, 30 náà ni yóò wọlé, bí ẹ tilẹ̀ fi wúrà ṣe adápítà.

Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa, adápítà 1,000 ti tó, kí ó sì jẹ́ ti USB 3.0. Ihò USB 3.0 sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù nínú, tàbí kí wọ́n kọ SS sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá so wáyà tán, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yóò sọ iye tí òun àti router jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Bí ó bá sọ pé 100 nígbà tí router àti adápítà jẹ́ 1,000, ẹ wo wáyà dáadáa. Okùn tínrín mẹ́jọ ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń ta èyí tí mẹ́rin nìkan ń ṣiṣẹ́, kò sì lè kọjá 100. Àwọn mìíràn ń ta alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára. Ẹ béèrè fún bàbà gidi, tí wọ́n kọ Cat5e tàbí Cat6 sí. Irú rẹ̀ lè gùn tó mítà 100 kí ó tó di pé ó rẹ̀ ẹ́, ilé wa ní Lokongoma kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan wà tí ìyára inú ilé ṣe pàtàkì fún, bí ìta kò tilẹ̀ yá. Àwọn ọmọ wa tí ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìkómọ ni a ń bá wí. Fídíò tí ó tó gígábáìtì 20, bí ẹ bá ń dà á láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí 100, yóò gba bí ìṣẹ́jú 27, bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Lórí 1,000, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò fi owó wọn ṣòfò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Starlink, tí ó dé Nàìjíríà ní oṣù Kíní ọdún 2023, ẹ wo router yín kí ẹ tó lọ sí ọjà. Router tí ó bá àwo onígun mẹ́rin ti ìran kejì wá kò ní ihò wáyà. Ó ní ẹ̀yà tirẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ rà kí ẹ tó lè so wáyà mọ́ ọn. Ti ìran kẹta ní ihò méjì lára.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: ẹ má ṣe na wáyà bàbà láti òrùlé kan dé òmíràn kí ẹ lè pín router pẹ̀lú aládùúgbò. Àrá kò gbọdọ̀ rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sán nítòsí, kọ̀ǹpútà ilé méjèèjì lè lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá wa tí wọ́n sin ìyá wọn ní Ṣakí, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àmúmọ́ra. Fóònù yín gba íntánẹ́ẹ̀tì tààrà láti orí òpó fóònù. Kò sí router láàrin, nítorí náà kò sí ibi tí adápítà yóò ti ṣiṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ti Ṣakí ni ó dúró, kì í ṣe ti Lọ́kọ́ja. Nígbà mìíràn, ibi tí ó jìnnà ju méjèèjì lọ ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan lọ́jọ́ kan náà, báńkì àti ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà sì dá wákè. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà tí ó lè tún ìyẹn ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹkún yín kì í ṣe ohun kékeré lójú wa. Ẹni tí ó bá sọ pé wíwo nǹkan láti òkèèrè kì í ṣe wíwà níbẹ̀, kí ó rántí pé nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ojú irin Itakpe sí Warri ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, orí ẹ̀rọ ni ó ti ṣe é láti Àbújá. Bí a bá lè ṣí ojú irin bẹ́ẹ̀, ọmọ lè sin ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá gbé e.

Nítorí náà, a ní àbá kan fún ìpàdé ẹgbẹ́ tí ń bọ̀. Kí ẹgbẹ́ ra wáyà tí ó gùn tó mítà 30, adápítà 1,000 kan, àti bátìrì kékeré tí ń gbé router ró nígbà tí iná bá lọ. Kí akápò tọ́jú wọn. Ẹni tí ìnáwó tàbí ọ̀fọ̀ bá kàn nílé, kí á lọ sí ilé ọmọ ẹgbẹ́ tí ìlà rẹ̀ dára, kí á so kọ̀ǹpútà mọ́ router pẹ̀lú wáyà, kí á sì so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí gbogbo wa lè jọ wò ó. Kí á bẹ ẹnì kan ní ilé pẹ̀lú pé kí ó ya fídíò náà pamọ́ sórí fóònù rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà, kí ó má bàa sọnù bí ti ìta bá dákẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìyá wa, ẹ fi ọjọ́ tí ogójì náà bọ́ sí ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìpàdé tó dé. Bí ẹgbẹ́ bá gbà, ti yín ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Àwa ni,
Akọ̀wé Ojú Irin