Irọ́ Ni Pé Ìdáhùn Ìdánwò Lọ́tọ̀, Ti Ọ́fíìsì Lọ́tọ̀

Sí ẹ̀yin tí ẹ ń múra fún ìdánwò iṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja, àti sí àwọn tó ń kọ́ yín

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ sọ́nà ní ìlú yìí, láti Felele títí dé Ganaja. Bí ìbéèrè bá jáde nínú ìdánwò pé kí ni wàá ṣe bí ọ̀gá rẹ bá ní kí o buwọ́ lu ìwé tí kì í ṣe òótọ́, tàbí bí ẹbí rẹ bá ní kí o ti orúkọ òun síwájú, wọ́n á ní: "Kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kà. Tí o bá wọlé tán, wàá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀gbọ́n wa ni, olùkọ́ tó ń múra wa sílẹ̀ ni, nígbà mìíràn ìyá wa tó ta aṣọ kó tó rí owó ìwé san ni. Ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Síbẹ̀ irọ́ ni, irọ́ tó ń ba ọmọ ènìyàn jẹ́ kó tó rí iṣẹ́.

N kò ní ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò ní gbòǹgbò. Iṣẹ́ ìjọba ni Lọ́kọ́ja ń jẹ. Ìhín ni Lugard ti fa àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1900, nígbà tí wọ́n gba àkóso lọ́wọ́ Royal Niger Company. Láti ọjọ́ 27 oṣù August 1991 tí wọ́n sì ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ ló ń gbé ọjà ìlú ró. Bí sẹkitéríàtì bá sanwó, aláta á mọ̀, ọlọ́kadà á mọ̀. Ìlú yìí kan náà mọ ìgbà tí kò sanwó. Àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 gùn débi pé ọ̀pọ̀ lo oṣù lórí oṣù láìrí kọ́bọ̀. Wọ́n ní àwọn ń wá òṣìṣẹ́ orí ìwé lásán, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ gidi, tó ń jí lọ sẹ́nu iṣẹ́, wà lára àwọn tí ebi pa. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí ìyẹn, tó tún ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pín sìlọ́ọ̀tì, àyè iṣẹ́ tí wọ́n fi pamọ́ fún ẹni tí wọ́n mọ̀, kò ní pẹ́ gbà pé kíkà nìkan ni ìwé òfin wà fún.

Ẹ sì rántí ọjọ́ 15 oṣù March 2014, ìdánwò iléeṣẹ́ Immigration. Àwọn tó lé ní 500,000 ń wá iṣẹ́ tí kò tó 5,000. Wọ́n ti gba 1,000 náírà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pè wọ́n sí pápá ìṣeré káàkiri ilẹ̀ yìí, àwọn ènìyàn sì tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ní Abuja, Minna, Benin àti Port Harcourt, ó kéré tán ènìyàn 15 ló wá iṣẹ́ lọ tí kò padà délé. Ohun tí ọ̀pọ̀ rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìdánwò ìjọba kò já mọ́ nǹkankan. Ohun tí èmi rí kọ́ yàtọ̀. Owó tí wọ́n gbà, iye ènìyàn tí wọ́n pè sójú kan, iye ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n ṣí, kò sí ọ̀kan tí kò gba orí tábìlì ẹnìkan kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè tí wọ́n ní kí ẹ má kà sí ti jókòó.

Irọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé ìdáhùn ìwé rọrùn, ti ọ́fíìsì ló le. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fara balẹ̀ dáhùn ìbéèrè kan tán rí. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó jẹ́ ti ìlú yìí.

Ní 2012, Ọya àti Benue kún kọjá etí wọn. Ní 2022 wọ́n tún kún. Ọ̀nà Ganaja di odò, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ènìyàn. Omi bo ọ̀nà Abuja ní Koton Karfe. Ká ní ìwọ ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kó kọ orúkọ àwọn tí omi lé nílé. Ìrẹsì tó wà nílẹ̀ kò kárí. Àbúrò ìyá rẹ wá bá ọ. Ilé rẹ̀ wà ní Lokongoma, níbi gíga, omi kò débẹ̀. Ó ní kí o kọ orúkọ òun. Ẹni tó há ìdáhùn sórí á yára kọ ọ́ pé: "N kò ní gbà, nítorí ojúsàájú lòdì sí òfin iṣẹ́ ìjọba." Olùkọ́ á fún un ní máàkì tó pé. Ṣùgbọ́n ká ní ìdílé méjì láti Ganaja ló ń sùn ní pálọ̀ àbúrò ìyá rẹ láti ọjọ́ tí omi ti dé, òun ló sì ń bọ́ wọn. Wọn kò lọ sí àgọ́, nítorí náà orúkọ wọn kò sí níbì kankan. Bí o bá lé e padà, àwọn tí omi lé gan-an ni o lé. Bí o bá sì kọ orúkọ rẹ̀, o ti fi ẹni tí omi kò lé sáàárín àwọn tí omi lé, ẹbí rẹ ni pẹ̀lú.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú u á rí i pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ìrànwọ́ tọ́ sí, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó yẹ kó lọ ṣèwádìí. Àwọn ará Ganaja ni kí wọ́n wọ ìwé, lórúkọ ara wọn, kì í ṣe lórúkọ onílé. Ìwọ kọ́ ni kí o lọ wò wọ́n. Wàá kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ pé mọ̀lẹ́bí rẹ ni onílé náà, kó rán ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà wàá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi ọ́: àwọn mélòó mìíràn ló ń sùn sílé ẹbí ní ìlú yìí tí ìwé wa kò rí? Ìdáhùn yìí yege nínú ìdánwò. Òun kan náà ló yege lẹ́nu iṣẹ́, ó sì wúlò ju "n kò ní gbà" lọ, nítorí ó gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa, kò sì sí ẹni tó lè fi í mú ọ lọ́la.

Wọ́n á fi òwe dá wa lóhùn. Wọ́n á ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Ta ló ni ìlẹ̀kẹ̀? Ìlẹ̀kẹ̀ tí òbí fowó ara rẹ̀ rà ni òwe yẹn ń sọ. Ìrẹsì àwọn tí omi lé kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ. Wọ́n á ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Èyí náà dára, bó bá jẹ́ pé ìpín tirẹ̀ ló jẹ, owó oṣù sì ni ìpín náà. Àgbà tó bá fi òwe gbe olè lẹ́yìn, òwe ló bà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ló ṣòro jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ pé òfin kò mọ àṣà wa. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò kà á. Nínú Àfikún Karùn-ún Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, níbi tí ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba wà, ìpínrọ̀ 6 sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè tàbí gba ohunkóhun nítorí ohun tó ṣe tàbí tí kò ṣe lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìpínrọ̀ kan náà gbà kó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ìbátan tàbí ọ̀rẹ́, níwọ̀n àti lásìkò tí àṣà bá fọwọ́ sí. Bó bá jẹ́ níbi ayẹyẹ gbangba ni wọ́n ti fún un, iléeṣẹ́ tó ń ṣojú fún ló ni ín. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń gba kọ́ńtíráàtì ìjọba ló fún un, òfin ti kà á sí ẹ̀bi títí yóò fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó: ta ló fúnni, nígbà wo, nítorí kí ni? Àwọn àgbà wa ní Kàbà kò ní béèrè ju ìyẹn lọ. Òfin ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ti 2000 wá ti ilẹ̀kùn àwáwí pa. Abala 60 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí ní kóòtù pé àṣà iṣẹ́ òun ni ẹ̀gúnjẹ; abala 23 sì ní kí òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá fi ẹ̀gúnjẹ lọ̀ lọ sọ fún ICPC tàbí ọlọ́pàá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun náà jẹ̀bi.

Wàyí o, ká ní opó kan tí o bá ṣe fáìlì owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ gbé iṣu àti adìyẹ wá sí ọ́fíìsì. Kì í ṣe ìbátan rẹ. Òótọ́ inú ló fi wá dúpẹ́. Ìdáhùn àhásórí ní kí o kọ̀ ọ́, kò sì sọ bí o ṣe máa kọ̀ ọ́. Bí o bá lé e bí olè, o ti fi ìtìjú kún ọ̀fọ̀ rẹ̀. Ilé wa ti kọ́ wa bí a ṣe ń dá nǹkan padà láìdójú ti olóore: "Ẹ ṣé, màmá. Mo ti gbà á, mo ti jẹ ẹ́, mo ti yó. Ẹ bá mi gbé e fún àwọn ọmọ. Ẹ̀tọ́ yín ni mo ṣe, ẹ kò jẹ mí ní gbèsè." Sọ ọ́ kí gbogbo ọ́fíìsì gbọ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ni kò ní jẹ́ kí màmá náà tún gbé adìyẹ lọ sídìí tábìlì tó kàn.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé: ìwọ tí wọn kò sanwó oṣù fún ńkọ́? Mo gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ rẹ kò sì kéré lójú mi. Ìjọba jẹ ọ́ ní gbèsè. Opó yẹn kò jẹ ọ́. Ẹni tí kò lè gba gbèsè rẹ̀ lọ́wọ́ gómìnà, tó wá ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó tòṣì ju òun lọ, kò tíì gbẹ̀san lára ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè wọ̀nyí kì í dúró de ọjọ́ ìdánwò. Fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, iṣẹ́ ìjọba ń parí nígbà tí wọ́n bá pé ẹni 60 ọdún tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lọ sí kóòtù lọ búra ọjọ́ orí tuntun. Ẹlòmíràn á gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ níbi tí kì í ṣe ilé bàbá rẹ̀, torí ó gbọ́ pé àyè ṣẹ́ kù fún agbègbè yẹn. Òun náà ni yóò jókòó, yóò máa há Public Service Rules sórí, ìwé tó ka yíyí àkọsílẹ̀ padà mọ́ ìwà àìtọ́ ńlá tó lè lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní kó má dààmú, ìwé tí wọ́n máa fi lé e lẹ́yìn ogún ọdún ni ẹ bá a buwọ́ lù. Ti ẹni tó ń ra ìbéèrè ìdánwò sílẹ̀, kò sí ohun tó díjú níbẹ̀: olè ni.

Ọ̀rọ̀ sìlọ́ọ̀tì le ju ìyẹn lọ. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní Abuja bá ní òun ní àyè kan, bi í léèrè: ṣé wọ́n ti polówó iṣẹ́ náà? Ṣé èmi náà máa ṣe ìdánwò bíi ti ẹlòmíràn? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìròyìn ló fún ọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ rárá, ẹnìkan wà ní Idah tàbí Okene tó kàwé jù ọ́ lọ, àyè rẹ̀ ni o ń gbà. Tí o bá gbà á síbẹ̀, má ṣe pè é ní ọgbọ́n.

Wọ́n á ní ti òyìnbó ni gbogbo èyí. Sìlọ́ọ̀tì gan-an ti jẹ́ ti òyìnbó rí. Nígbà tí Northcote àti Trevelyan, àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì tó yẹ iṣẹ́ ìjọba wọn wò, gbé ìròyìn wọn jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1854, ohun tí wọ́n bá jà ni bí àwọn alágbára ṣe ń kó ọmọ àti ọ̀rẹ́ tí kò mọ iṣẹ́ sínú ọ́fíìsì. Ìdánwò gbangba ni oògùn tí wọ́n dá. Ní 2013, Índíà fi odindi ìdánwò kan tó ní máàkì 250 kún ti iṣẹ́ ìjọba wọn, lórí ìwà, òtítọ́ àti yíyẹ fún iṣẹ́. Wọ́n á fi òṣìṣẹ́ kan sínú wàhálà, wọ́n á ní kí o sọ ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un, ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa pa lára, èyí tí o yàn, àti ìdí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é níbi tí ẹ ti ń kàwé pọ̀. Ẹ kọ ìdáhùn yín bí ẹni ń kọ ọ́ sínú fáìlì, ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹnìkan dìde gbèjà ẹni tí ìpinnu náà máa pa lára. Èyí tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ nìyí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yan èyí tó ń dun ilé wa jù. Oṣù kẹrin rèé tí owó oṣù rẹ kò wọlé. Ọmọ rẹ wà ní ilé ìwòsàn. Ọ̀gá tó ti ràn ọ́ lọ́wọ́ rí gbé ìwé wá pé àga ilé-ìwé 40 ti dé sítọ́ọ̀. O fojú ara rẹ kà á, 25 ni. Kò fi owó lọ̀ ọ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìyókù ń dé, bí o kò bá sì buwọ́ lù ú lónìí, ọdún ìṣúná á parí, owó náà á padà sápò ìjọba, àwọn ọmọ á máa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kọ ohun tí wàá sọ fún un lẹ́nu, ohun tí wàá kọ sínú fáìlì, àti ilé ẹni tí wàá lọ yá owó oògùn. Ojú ìwé kan péré ni. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sì kọ "òfin kò gbà á" kó dúró síbẹ̀.